Tẹ̀sùbáà Ìyá Ìyàwó

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ọjà ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ta síìpù àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì pẹ́ tó bí mo ṣe tà á yóò ti mọ̀ pé oníbàárà tó bá ń pe èèyàn ní "màmá mi àtàtà" ti ń wá ibi tí yóò fi ìdì òwú kan pamọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì ọsibítù kékeré tó wà ládùúgbò wa ní Ìsọlọ̀ sọ fún mi pé ìwòsàn ohun tó ń ṣe mí wà lára èmi fúnra mi, pé mi ò ní ra oògùn kankan, ńṣe ni mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀fẹ́? Ní Èkó yìí?

Ohun tó ń ṣe mí náà rèé. Nǹkan oṣù mi ti dúró láti bí ọdún mélòó kan. Ooru tó bá a wá kò dẹ́rù bà mí, torí gbogbo ìyá tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ló ní abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ìtọ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Mo bá wúkọ́, díẹ̀ á jáde. Mo bá sín, díẹ̀ á jáde. Bí mo bá gbé páálí òwú nílẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó nàró. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ta kọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá àpárá kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ mi, ni mo bá dákẹ́ lójijì, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ró aṣọ méjì mọ́dìí, mo sì wálé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí ẹ̀rín.

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Mo fura sí àga tí mò ń jókòó lé, bóyá ẹnì kan ti fi nǹkan sí i. Mo fura sí àgbo tí wọ́n fún mi mu nígbà tí ibà ń ṣe mí. Omi ni mo wá fìyà jẹ jù. Mi ò ní kan omi láti àárọ̀ títí màá fi ti ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ìtọ̀ náà kò dáwọ́ dúró, ó kàn pọ́n, ó sì ń ta mí ni. Èyí tó dùn mí jù lọ ni ìrun. Àlùwàlá tí ìtọ̀ bá ti kán sí ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo lè ṣe àlùwàlá, kí n wúkọ́ lójú ẹní ìrun, kí n tún padà sídìí bùtà. Ní asálátù wa, ìlà iwájú ni mo máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo wá ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó gbàlejò sílé. Àwọn ẹgbẹ́ mi bi mí ohun tó dé, mo ní orúnkún ni.

Nọ́ọ̀sì yìí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní ọmọ bíbí àti nǹkan oṣù tó dúró ti mú kí iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ dúró nísàlẹ̀ dẹ̀, pé ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìyá, wọn kì í kàn ń sọ ọ́ ni.

"Ẹ fún ibẹ̀ pọ̀, Mà," ó ní. "Bí ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n yín tí ẹ ò tíì rí ilé ìtọ̀. Tàbí bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ só láàárín èrò tí kò sì fẹ́ kó jáde. Ẹ fà á sókè sínú. Ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún ikùn, ẹ má fún itan, ẹ má sì sé èémí. Tẹ́ ẹ bá ń kà á jẹ́jẹ́ lẹ́nu, ẹ ò ní lè sé èémí."

"Ìgbà tí mo bá ń tọ̀ lọ́wọ́ ni kí n máa ṣe é?"

"Rárá o, Mà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn ṣàn tán. Ẹ máa ṣe é láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kẹ́ ẹ sì máa mu omi yín. Tíì ni kẹ́ ẹ dín kù."

Mo bi í pé ìgbà wo ni màá rí àǹfààní rẹ̀. Ó ní kí n má retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pé ó lè tó bí oṣù mẹ́ta, pé ẹni tó bá ń ṣe é lónìí tó ń gbàgbé lọ́la kò ní rí nǹkan kan. Mo wá bèèrè èyí tó jẹ mí lọ́kàn gan-an: báwo ni èèyàn á ṣe máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ayé ò ní mọ̀?

"Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Mà. Ibi tí ẹ jókòó sí náà lẹ ti máa ṣe é."

Ọ̀rọ̀ tó kó bá mi nìyẹn.

Torí mi ò lè ka nǹkan kí n má ṣì í. Bí mo bá fún un, tí mo tú u, tí mo tún fún un, n kò ní rántí ibi tí mo dé mọ́. Mo wá mú tẹ̀sùbáà mi. Bí mo bá ti fún un lẹ́ẹ̀kan, màá fa ọmọ tẹ̀sùbáà kan kọjá. Mo bẹ Ọlọ́hun kó má bínú, torí kí n lè kírun Rẹ̀ dáadáa náà ni mo ṣe ń ṣe é. Mo ń di ojú kí ọkàn mi lè wà níbẹ̀, ẹnu mi ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, mo sì mọ̀ pé iwájú orí mi ń fún pọ̀ pẹ̀lú, torí n kò tíì mọ bí a ṣe ń fún ìsàlẹ̀ kí òkè má bá a fún.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọ mi obìnrin fi iṣẹ́ abẹ bímọ.

Ẹni tí kò bá wa dúró de ọmọ yẹn kò lè mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ mi fi wà nílé ọkọ láìrí oyún. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ kò bú mi rí lójú mi. Èyí tó ń sọ lẹ́yìn mi ló ń dé etí mi. Ó lọ bèèrè níbì kan, wọ́n ní ẹni tó mú ilé ọmọ dání kò jìnnà, wọ́n ní kí wọ́n lọ wo ilé ìyá ìyàwó. Ọmọ mi sunkún sọ ọ́ fún mi nígbà náà, ó ní òun ò gbà á gbọ́. Mo ní mo mọ̀. Àmọ́ mo rí i pé fún bí oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà, kò jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé wá. Mi ò bá a wí. Mo kàn ń gbé abọ́ mi lọ, mo ń gbé e bọ̀.

Ẹ wá wo inú tí mo gbé dé Ailegun, níbi tí ọmọ mi ń gbé, tèmi ti báàgì aṣọ mi. Nísàlẹ̀ báàgì náà ni mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú tí páádì mi wà nínú rẹ̀ sí. Mo ti gbà á ládùúrà pé tí mo bá lè wẹ ọmọ yìí títí yóò fi tó ogójì ọjọ́, láìsí wàhálà, láìsí ọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́yìn mi ti parẹ́ nìyẹn. Ta ló máa fi ọmọ lé àjẹ́ lọ́wọ́ ní àràárọ̀?

Ìyá ọkọ ọmọ mi ti débẹ̀ ṣáájú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún ló ti wá, tí èmi sì wá láti Ìsọlọ̀. Ó fi bí ọdún mélòó kan jù mí lọ, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ara rẹ̀ sì gún régé.

"Ìyá ìyàwó, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọmọ."

"Ewu iná kì í pa àwòdì, Àlàájà. A jọ kú ewu ni."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì pa á dé kíákíá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí omi gbóná, mo bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe yẹ. Mo ní, "Àlàájà, ẹ̀yin lẹ lọmọ. Ẹ wá jókòó, kẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́."

Ó wo àpótí kékeré tí a ń jókòó lé wẹ ọmọ.

"Rárá o. Ìyá ìyàwó ló ń wẹ̀ ẹ́. Èmi á máa wò."

Èmi á máa wò! Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo gbé ọmọ lé ojúgun mi, mo fi kànìnkànìn kékeré ra á lára, mo fi àdí nà á lápá nà á lẹ́sẹ̀. Mi ò wo ilẹ̀kùn, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dúró síbẹ̀. Nígbà tó tó kí n ju ọmọ sókè bí a ṣe ń ṣe, mo kọ́kọ́ fún abẹ́ mi pọ̀ gbọn-in, kí n tó jù ú. Nǹkan kan kán, àmọ́ kò pọ̀. Mo dúpẹ́.

Láti ìgbà náà la ti ń ṣọ́ ara wa nínú ilé yẹn. Bí mo bá dìde lọ sílé ìtọ̀, ojú rẹ̀ á sìn mí lọ. Bí mo bá fọ àwọn aṣọ inú mi, tí mo sá wọn sẹ́yìn kọ́tìnì yàrá dípò ìta, á wọlé wá bí ẹni tó ń wá sálúbàtà. Èmi náà ò sì sùn. Mo rí i pé kò sí àga tí yóò jókòó lé nínú pálọ̀ tí kò ní kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ kan sí, ògbólógbòó àǹkárá tó ká sí mẹ́rin. Bó bá dìde, á ká a, á mú un lọ. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jókòó sórí àwọn àga náà láàárọ̀. Mo rò ó títí, mo sì rí ìtumọ̀ rẹ̀: ó ń bẹ̀rù ibi tí ìdí mi bá ti kàn. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí gbogbo àga pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè rí aṣọ tẹ́ dáadáa.

Ìgbà tí mo bá wẹ ọmọ tán, tó ti yó, tó ń sùn lórí itan mi, ni mo máa ń rí àyè ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe. Ilé á dákẹ́. Màá di ojú, màá mú tẹ̀sùbáà, ẹnu mi á bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo la ojú, mo bá Àlàájà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́, ó ń wo ètè mi.

"Àdúrà ni, Ìyá ìyàwó?"

"Àdúrà ni."

"Fún ta ni?"

"Fún ọmọ ni."

"Ẹ ṣe é sókè ká bá yín ṣàmín."

Ẹ gbọ́ mi, kí ni mo fẹ́ ṣe sókè? Mo ní mo ti ṣe é tán. Ó gbé abọ́ ẹ̀kọ náà sílẹ̀, ó lọ, ṣùgbọ́n kò pa ilẹ̀kùn dé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Inú rírun ọmọ tuntun ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, á ké títí ojú rẹ̀ á pọ́n, á fa ẹsẹ̀ mọ́kùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ọmọ ṣe ń ké, Àlàájà ń wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo bọ́ ọ, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyẹn tún burú sí i, torí ó rí mi nígbà tí mò ń tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo po omi ọmọ, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò, mo jókòó, mo na ọwọ́. Ọmọ mi dúró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ láyà, kò gbé e fún mi.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n máa wẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

"Ìwọ tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ ò tíì jinná? Báwo lo ṣe fẹ́ tẹ̀?"

"Màá rọra ṣe é."

Mo ṣì na ọwọ́ síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Mọ́mì, kí lẹ máa ń kà sí i lára?"

Mo ti gbọ́ èébú lọ́jà. Agbèrò ti bú mi rí ní gbangba, mo sì fún un ní tiẹ̀ padà. Ọmọ tí mo fi inú kan bí, tí mo gbọ́ bùkátà rẹ̀ látorí bọ́tìnnì, ló gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra torí èmi. Omi náà tutù níwájú mi.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn la ẹnu sọ òótọ́. Nínú ilé wo ni màá ti sọ ọ́? Ilé tí wọ́n ti ní inú ìdílé mi ni nǹkan ti wá? Mo ti gbọ́ bí Àlàájà á ṣe sọ ọ́: "Ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ dúró lẹ fi ọmọ lé lọ́wọ́?" Bí wọ́n bá pè mí ní àjẹ́, wọ́n á ṣì bẹ̀rù mi. Bí wọ́n bá mọ ti ìtọ̀, wọ́n á máa fi imú wá mi kiri ni. Mo yàn láti dákẹ́. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ tí màá fi kó ẹrù mi padà sí Ìsọlọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ náà sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni èmi àti Àlàájà jọ ń sùn, fóòmù tuntun ni ọkọ ọmọ mi sì rà sí i nítorí wa. Ọmọ mi gbé ọmọ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ Àlàájà ló tẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tèmi. Mo kọjú sí ògiri. Ọ̀fìnkìn ti ń ṣe Àlàájà láti ìjẹta, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ títí oorun fi gbé mi lọ.

Ikọ́ rẹ̀ náà ló jí mi, ikọ́ ńlá kan tó mi bẹ́ẹ̀dì. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn kí n fi ti bẹ́ẹ̀dì dìde, ọwọ́ mi bọ́ sórí ohun tó tutù.

Mo ní ó ti tán, àṣírí ti tú. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró mi, mo yẹ ara mi wò.

Mo gbẹ. Mo gbẹ táútáú.

Mo jókòó. Àlàájà ti jókòó ṣáájú mi, ó fi ìró wé ara rẹ̀ dé àyà.

"Ọmọ yìí mà tọ̀ o," ó ní. Ó yá a lẹ́nu jù.

Mo fi ọwọ́ kan pámpáàsì ọmọ. Ó gbẹ, kódà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo gbé ojú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọmọ mi wọlé sí. Ó rí ojú fóòmù, ó tẹ pámpáàsì ọmọ rẹ̀ wò bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó wo ilẹ̀ bóyá ife wà níbẹ̀. Kò sí ife.

"Ta ló da omi síbí?"

Ó bèèrè lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ọwọ́ Àlàájà. Àǹkárá tó máa ń tẹ́ sórí àga ló dì mú, ó fún un pọ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ìdí mi ló ń bẹ̀rù lórí àga, tirẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi jókòó lórí àpótí kó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ sókè, òun tó lọmọ. Ó ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ni, bí èmi náà ṣe ń gbọ́ asálátù láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

N kò ní purọ́, ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Obìnrin tó ní kí wọ́n lọ wá ilé ọmọ ọmọ mi nílé mi rèé, Ọlọ́hun ti fi í lé mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan. Gbólóhùn kan péré ni. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé mo mọ̀, ó sì ń dúró dè mí. Ojú àgbàlagbà tó ń dúró de ìtìjú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́ rí lẹ́ẹ̀mejì.

"Èmi ni," mo ní.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Mọ́mì?"

"Èmi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí. Láti ìgbà tí mi ò ti rí nǹkan oṣù mọ́ ni." Mo fa tẹ̀sùbáà jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, mo sọ ohun tí mò ń fi ṣe. Mo sọ ti nọ́ọ̀sì, mo sọ ti ikọ́, mo sọ bí wọ́n ṣe ń fún un, bí wọ́n ṣe ń kà á jẹ́jẹ́ lẹ́nu kí èèyàn má baà sé èémí. Mo ṣí báàgì mi, mo fi náílọ́ọ̀nù dúdú náà hàn án.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo bí ẹ ṣe ń di ojú, tí ẹ ń fa ojú ro yẹn, ìtọ̀ lẹ ń dá dúró?"

"Ìtọ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, kó tó tán ó ti di ẹkún. Ó ń sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Ó gbé ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. Mo gbá a mọ́ra. Òórùn àdí àná ṣì wà lórí rẹ̀.

Àlàájà dìde, ó rọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì jọ, ó yí fóòmù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ síta. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé e.

"Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá ìyàwó," ó ní. "Ẹ ti dàgbà."

Òun tó jù mí lọ!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wẹ ọmọ. Mo ń ṣe tèmi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀ nígbà tí Àlàájà wá tẹ́ àǹkárá rẹ̀ sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó.

"Ìyá ìyàwó, ọ̀rẹ́ mi kan wà nílé, nílùú wa."

"Ẹn-ẹ́n."

"Irú nǹkan tẹ́ ẹ sọ lánàá yẹn ń ṣe é."

"Ọ̀rẹ́ yín."

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó jù mí lọ díẹ̀."

"Ṣé tó bá wúkọ́ ni?"

"Tó bá wúkọ́. Tó bá dìde lójijì. Nígbà mìíràn, tó bá ti gbọ́ ìró omi báyìí, kó tó débẹ̀." Ó ń wo ògiri. "Ó ti pẹ́. Ọmọ méje ló bí."

"Ṣé ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ló máa sọ ọ́ fún? Ìyá àgbà ni ládùúgbò. Ó rò pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan tí òun ṣẹ̀ ni."

Mo kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo sọ ibi tó máa fún àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ fún, mo ní kó máa mu omi, kó má fi ìyà jẹ ọ̀fun nítorí ìdí. Mo ní tí nǹkan náà bá ń dùn ún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, kó má jókòó sílé fún un o. Àlàájà ń mi orí, ó ní òun á sọ fún un. Mo ní nọ́ọ̀sì wà ní Ìsọlọ̀, bó bá fẹ́ kí n mú un lọ. Ó ní ọ̀nà jìn fún ọ̀rẹ́ òun. Mo ní òun lè lọ gbọ́ ọ fún un. Ó wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. N kò rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a sọ fún ọmọ mi pé a fẹ́ lọ wo aṣọ ọmọ ní Àgọ́ Palace, mo mú un gba Ìsọlọ̀ lọ, mo sì jókòó síta nígbà tó wọlé bá nọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ nínú ilé gan-an. A gbàgbé àtira aṣọ ọmọ.

Ẹ má rò pé mo gbà á gbọ́ tán o. Nígbà tóun náà mú tẹ̀sùbáà tirẹ̀, tó di ojú, tí ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń la ojú kan wò ó, bóyá òótọ́ ló ń fún un ni àbí ó ń ṣépè fún mi. Lọ́jọ́ kan ojú kan tirẹ̀ náà ṣí, ó ń wò mí. Ọkọ ọmọ mi wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ìyá méjì tí wọ́n di ojú, tí wọ́n fa iwájú orí pọ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń sùn láàárín wọn. Ó dúró, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde.

Ogójì ọjọ́ pé, mo padà sídìí ọjà mi, Àlàájà padà sílé. Títí dòní, nínú ilé ọmọ mi, èmi ni mo tọ̀ sí fóòmù. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òṣòdì, mo gbójú sókè, mo rí Àlàájà. Ailegun ló ń lọ, ó ní òun fẹ́ ya kí mi. Mo gbé àga mi fún un, àga onítìmùtìmù tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo wo báàgì rẹ̀, mo ń dúró kó yọ àǹkárá. Kò yọ ọ́. Ó jókòó gbàgà, ó na ẹsẹ̀. Alájọtà mi tó ń ta kọ́tìnì dá àpárá rẹ̀ kan, Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Kò dákẹ́ lójijì, kò dìde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá ìyàwó, ọ̀rẹ́ mi yẹn ní kí n kí yín o."

"Ṣé ara rẹ̀ ti ń le?"

"Ó ti le. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà ní asálátù tẹ́lẹ̀. Ó ti padà sí ìlà iwájú."

N kò sọ fún un rí ibi tí èmi náà ń jókòó sí nígbà yẹn. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

"Ẹ bá mi kí i," mo ní. "Ẹ sọ fún un pé èmi náà ti padà."